Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ, Àwòrán Ṣì Kù

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi ìpàdé ìlera tó ṣáájú ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A ti sin òbí, a ti sọ ọmọ lórúkọ, a ti ṣí ilé, a ti gun ẹṣin lọ kí Kábíyèsí. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí àwa alukoro yín mú ọ̀rọ̀ kan wá nípa ìlera, àwọn kan rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ni a ó sọ. Àwọn yẹn ṣe pàtàkì, àwọn dókítà tó wà láàárín wa sì ń rán wa létí wọn lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ẹgbẹ́ yìí rí láàárín ọdún mẹ́ta tó kọjá kò jẹ́ ká lè gbé ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀kan nínú wa ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó wà láàárín wa níhìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́. Ó kàn ní ká má dárúkọ òun sínú ìwé, kí ẹni tí kò mọ òun rí má baà máa wo orí òun dípò fìlà òun. Ẹ bá wa kí i.

Iṣẹ́ báńkì ni àwa ń ṣe, a kì í ṣe dókítà. Ohun tí a mú wá níhìn-ín, ẹnu àwọn dókítà la ti gbọ́ ọ, inú ìwé la ti kà á, a sì fún àwọn tó mọ̀ ọ́n kà kí a tó dìde dúró níwájú yín. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le, ọ̀dọ̀ dókítà tirẹ̀ ni kó lọ. Kó má fi ọ̀rọ̀ alukoro ṣe oògùn.

Kí ló dé tí a tún ń ya àwòrán?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí wọ́n bá ti gbé aláìsàn jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ, tó la ojú, tó dárúkọ ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó ku ká pa màlúù, ká lọ dúpẹ́. Ìdúpẹ́ dára, a ò ní kí ẹnikẹ́ni má dá a. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí a ti ń ṣe ní báńkì. Nígbà tí oníbàárà tó kẹ́yìn bá jáde, a kì í ti ilẹ̀kùn ká máa lọ sílé. Ẹni tó ń gba owó lójú fèrèsé yóò ka èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi wé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bó bá ku náírà kan, a ó wá a. Kì í ṣe pé a fura sí i. Ohun tó wà lórí tábìlì àti ohun tó wà nínú ìwé lè má dọ́gba, ẹni tó bá sì wá a lálẹ́ ọjọ́ náà yóò tètè rí i ju ẹni tó dúró di oṣù tó ń bọ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán ọpọlọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Oníṣẹ́ abẹ ti ṣe gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá egungun agbárí padà sí àyè rẹ̀, wọ́n ti rán awọ orí, kò sí ẹni tó tún lè fi ojú lásán wo ohun tó ń lọ nínú. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í sì í ro ni. Inú rẹ̀ ni a ti ń mọ ìrora gbogbo ara, síbẹ̀ bí a bá fọwọ́ kan òun gan-an, kò mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jò sínú orí díẹ̀díẹ̀, aláìsàn lè kàn máa sùn ni, kí àwọn ará ilé sì máa sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó sinmi, ó ti rẹ̀ ẹ́." Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lẹ́yìn tí a bá ti ti orí padà, àwòrán ni ojú tí dókítà fi ń ṣọ́ ọ.

Ibi tí ojú náà ti wá

Ojú yìí kò pẹ́ láyé. Ní ọdún 1895, Wilhelm Röntgen ní ilẹ̀ Jámánì rí ìtànṣán tí a ń pè ní X-ray. Ìyanu ńlá ni, ṣùgbọ́n egungun agbárí ló ń fi hàn, kì í fi ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀ hàn. Àwọn dókítà wá ọgbọ́n dá. Ní 1918, Walter Dandy ní Amẹ́ríkà ń fi afẹ́fẹ́ sínú àwọn ihò tí omi ń gbà nínú ọpọlọ, kí àwọn ihò náà lè hàn nínú X-ray. Ní 1927, Egas Moniz ní ilẹ̀ Potogí fi oògùn sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó gòkè lọ sí orí, kí àwọn òpó náà lè hàn bí ẹ̀ka igi. Bí òpó kan bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan kan ló ń tì í. Àmọ̀ràn tí a fi ọgbọ́n gbé ró ni. Aláìsàn ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀, nítorí ẹ̀fọ́rí tí afẹ́fẹ́ yẹn ń fà kì í ṣe kékeré.

Irú àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí ni ọmọ ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, bá ṣiṣẹ́. Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́, ni wọ́n ti bí i ní 1927. Ó kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ní 1962, ó padà wá sí UCH ní Ìbàdàn, ó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀. Akéwì tún ni. Nígbà tó dé Ìbàdàn, kò sí ibì kankan láyé tí a ti lè rí ọpọlọ alààyè nínú àwòrán bí a ti ń rí i lónìí. Ohun tí ó ń fi ọwọ́ wò, ohun tí ó ń bi aláìsàn, bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé àti bí ojú ṣe ń yí, ló fi ń mọ ibi tí kókó wà. Ó kú ní 1974, ọmọ ọdún 47. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ìkàwé ìṣègùn ní Ìbàdàn di òní olónìí.

Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú ikú rẹ̀ ni nǹkan yí padà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1971, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi ẹ̀rọ CT ya orí aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Obìnrin kan ni, wọ́n fura pé kókó wà ní iwájú ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tí àwòrán jáde, kókó náà hàn gbangba, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Godfrey Hounsfield ló ṣe ẹ̀rọ náà, Dókítà James Ambrose ló sì bá a lò ó. Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí Hounsfield ti ń ṣiṣẹ́: EMI ni, àwọn kan náà tí àwọn bàbá wa mọ orúkọ wọn lára àwo orin. Ní 1979, wọ́n fún òun àti Allan Cormack, ọmọ bíbí South Africa, ní ẹ̀bùn Nobel. Lẹ́yìn náà ni MRI dé, èyí tí kì í lo ìtànṣán rárá, irin òòfà ló ń lò. Paul Lauterbur àti Peter Mansfield gba Nobel tiwọn lórí rẹ̀ ní 2003.

A sọ ìtàn yìí kí á lè mọ̀ pé ohun tí Odeku kò rí lò ni wọ́n ń fi lọ̀ wá lónìí tí a fi ń sọ pé, "Ṣé ó pọn dandan?"

Ọjọ́ kìn-ín-ní

Àwòrán àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sábà máa ń jẹ́ CT, láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan, pàápàá bí aláìsàn kò bá tètè jí tàbí bí dókítà bá ní ohun kan tó ń kọ ọ́ lóminú. CT yára, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Èkínní, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbi tí kò yẹ kó wà? Nínú CT, ẹ̀jẹ̀ tuntun máa ń funfun, kò ṣòro fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Èkejì, ṣé ọpọlọ wú, tó ń ti apá kejì? Ẹ̀kẹta, ṣé omi inú ọpọlọ ń ṣàn, àbí ọ̀nà rẹ̀ ti dí? Ẹ̀kẹrin, afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí dẹ́rù bà wá púpọ̀. Àbúrò ọmọ ẹgbẹ́ wa ló ka ìwé àbọ̀ àwòrán náà, tó rí i pé afẹ́fẹ́ wà nínú orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pe gbogbo wa láago mọ́kànlá òru. Dókítà wá ṣàlàyé pé bí a bá ṣí agbárí, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé, bó ṣe ń wọ inú ìkòkò tí a ṣí ọmọrí rẹ̀. Ara yóò fà á mu fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tó bá pọ̀ jù, tó ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ di pàjáwìrì. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé àbọ̀ àwòrán kì í ṣe lẹ́tà tí a ń dá kà. Dókítà sí dókítà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kà á fún yín.

Ọjọ́ kẹta

Bó bá jẹ́ pé kókó ni wọ́n gé, àwòrán kejì wà tí ó ní àkókò tirẹ̀. MRI ni, ó sì dára kí wọ́n yà á kí wákàtí 72 tó pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìdí rẹ̀ rèé. Wọ́n máa ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oògùn kan tó ń mú kí kókó tàn yòò nínú àwòrán. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, bí nǹkan kan bá tàn létí ibi tí wọ́n gé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyókù kókó. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ mẹ́ta bá ti kọjá, ibi tí wọ́n gé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jinná, ibi tó ń jinná náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Egbò àti kókó yóò wá wọ aṣọ kan náà, bí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ń yá aṣọ ẹgbẹ́ wọ lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ẹ ò ní mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí àlejò mọ́. Ó lè tó oṣù díẹ̀ kí ojú tó tún mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ẹgbẹ́ wa sáré lé. Ẹ̀rọ MRI tó wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà ti bàjẹ́ kí a tó débẹ̀. A kò ní dárúkọ wọn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ wọn ṣe dáadáa. Ibòmíràn tí ẹ̀rọ wà, wọ́n ní kí owó kọ́kọ́ wọlé. Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn ará ilé ti ná gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ sórí iṣẹ́ abẹ. Ìyàwó rẹ̀ fi ìránṣẹ́ kan ṣoṣo sí ojú ìwé WhatsApp ẹgbẹ́: "Dókítà ní kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀la." Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá ti fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, ẹlòmíràn ti gbé ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì méjì, wọ́n ya á, wọ́n sì gbé e padà.

Kí ni àwòrán yẹn sọ? Ó ní ìyókù kókó díẹ̀ wà, kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ, tó lẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan. Kì í ṣe pé oníṣẹ́ abẹ kò rí i. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, nítorí bó bá fà á, òpó yẹn lè ya. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí, a ti mọ ibi tó wà, a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, a sì ti ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní. Àwa ará báńkì mọ iyì ìyẹn: ẹni tí kò mọ iye tó wà nínú àkáǹtì níbẹ̀rẹ̀ oṣù, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó lé tàbí ó dín ní ìparí rẹ̀?

Oṣù kẹta, ọdún kìn-ín-ní

Kókó tirẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní meningioma, tó ń hù láti ara awọ tó bo ọpọlọ. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì máa ń rọra dàgbà. Fún irú èyí tí kò le, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ya àwòrán ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ọdún márùn-ún, kí wọ́n tó wá jẹ́ kó jìnnà síra. Èyí tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù díẹ̀ díẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ilé ìwòsàn ń wá owó. Ìyókù kókó kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Nígbà tó bá fi máa fa wárápá tàbí kó mú ọwọ́ rọ, ó ti gbilẹ̀.

Oṣù kẹta, àwòrán kò yí padà. Inú wa dùn. Nígbà tí ọdún yípo, ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ti bá wa jó lójúde. Ara rẹ̀ le ju ti ẹlòmíràn nínú wa lọ. Àwọn ẹbí ń sọ pé, "Kí lo tún ń wá kiri? Ṣé o kò gbà pé Ọlọ́run ti wò ọ́ sàn ni?" Àwọn kan ní kó fi owó náà parí ilé. Ìyàwó rẹ̀ ló fa okùn náà le. Ó ní bí Ọlọ́run bá ti wò ó sàn, àwòrán yóò jẹ́rìí sí i. Bó bá sì ku nǹkan, Ọlọ́run kan náà ló fún dókítà ní ojú. Ẹ̀yin ìyàwó ẹgbẹ́, ẹ pàtẹ́wọ́ fún obìnrin yìí.

Wọ́n gbé àwòrán ọdún kìn-ín-ní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́ kẹta. Ìyókù náà ti fi ìwọ̀n díẹ̀ tóbi sí i. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n bí kò bá sí ti àkọ́kọ́ tí a fi wé e. Kò tíì fa nǹkan kan. Wọ́n fún un ní ìtọ́jú onítànṣán, kò sí ọ̀bẹ nínú rẹ̀. Àwòrán tó yà lọ́dún yìí fi hàn pé kókó náà dúró sójú kan. Ọdún tó ń bọ̀, yóò tún lọ.

Kì í ṣe gbogbo àwòrán ni a nílò

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ wá máa sáré kiri ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán. Àwọn tó ṣubú tàbí tí ọ̀kadà gbá, pàápàá àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ lè rọra gbá jọ sábẹ́ agbárí wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n máa ń lu ihò kékeré sí agbárí láti fà á jáde. Àwọn dókítà ní Switzerland wádìí bóyá ó yẹ kí gbogbo irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa ya CT lẹ́yìn rẹ̀, bí ara wọn tilẹ̀ le. Àwọn tó kópa lé ní 300. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2019: àwọn tí wọ́n ń yà ní gbogbo ìgbà kò sàn ju àwọn tí wọ́n ń yà kìkì nígbà tí àmì bá hàn. Nítorí náà, dókítà tó ní, "Kò tíì yẹ, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ọ," kò fi ìyà jẹ yín.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ nílé rèé: ẹ̀fọ́rí tó ń le sí i lójoojúmọ́, èébì, oorun tí kò ṣeé jí, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó ń rọ, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, wárápá, ibà, tàbí omi tó mọ́ gaara tó ń jáde lójú egbò tàbí nímú. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ gbéra.

Àwọn kan ń bẹ̀rù ìtànṣán CT. Èyí tí ara ń gbà nínú CT orí kan tó nǹkan bí èyí tí a ń gbà láti inú ilẹ̀ àti láti ojú ọ̀run láàárín oṣù mẹ́jọ. Kò pọ̀ tó ohun tí a ń sá fún nígbà tí ẹ̀mí wà nínú ewu, kò sì kéré tó ohun tí a ń fi ṣeré. MRI kò ní ìtànṣán, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Òòfà inú èyí tó wọ́pọ̀ lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 ti òòfà ilẹ̀ ayé. Òrùka, ẹ̀gbà ọrùn, ìgbánú, fóònù, káàdì báńkì, ìpín onírin tó wà lábẹ́ wíìgì, ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn lù, ẹni tí wọ́n ti fi irin di òpó ẹ̀jẹ̀ lórí, ọdẹ tí ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó mú yín wọlé. Àwo titanium tí wọ́n sábà fi ń kan agbárí padà kì í sábà ní wàhálà, síbẹ̀ ẹ sọ ọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ oògùn yẹn. Obìnrin tó lóyún náà, kó sọ ọ́. Ẹ̀rọ náà há, ó sì ń pariwo bí ẹni ń lu páànù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ibi tó há, kó má tijú.

Ó ku ọ̀kan: ẹ tọ́jú àwòrán yín. Ẹ gba fíìmù àti CD rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí. Dókítà tuntun tí kò rí ti àkọ́kọ́, a ti fọ́ ọ lójú kan.

Owó dà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé. Ní Nàìjíríà, ó ju ìdajì gbogbo owó tí a ń ná sórí ìlera lọ tó ń jáde látinú àpò aláìsàn fúnra rẹ̀. Òfin ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Ẹni tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ nínú wa, kó lọ ṣe é, kó sì béèrè pé àwòrán wo ni wọ́n ń san owó rẹ̀ àti èló. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé yẹn, kì í ṣe ìwé ló gbé ọmọ ẹgbẹ́ wa dé ibi ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àmọ́ kò yẹ kí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni tún rọ̀ mọ́ bóyá àwọn mọ́kànlá wà lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyí tí a fi gbé àbá mẹ́ta wá síwájú ìpàdé gbogboogbò. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ ṣí àkáǹtì ìlera kan tó yàtọ̀ sí ti ayẹyẹ, tí ẹni mẹ́ta yóò máa fọwọ́ sí, tí akápò yóò sì máa ka ìṣirò rẹ̀ fún wa ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí ènìyàn 60 bá ń dá ₦3,000 lóṣù, ₦180,000 ni lóṣù kan, ₦2,160,000 ni lọ́dún, láìka èlé. Èkejì, kí owó náà wà fún àkókò tó ń lé ni: àwòrán tí dókítà ní kò gbọdọ̀ pẹ́, àti èyí tí ó ní ká padà wá yà lẹ́yìn ọdún kan nígbà tí ara ti le tí kò sí ẹni tó fẹ́ dáwó mọ́. Gbogbo wa la ń dáwó fún iṣẹ́ abẹ. Àwòrán ọdún kejì ni kì í rí olùrànlọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹni méjì máa bá ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá tọ́jú ọjọ́ tí dókítà dá fún un, kí wọ́n máa rán an létí.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń sọ pé ọdún kẹwàá kọ́ ni ọdún tí a ń dín aṣọ kù. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí kò bá tàn lójúde Ọba, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwa náà fẹ́ràn aṣọ, àwa náà fẹ́ràn ẹṣin. Kò sí nínú àbá yìí pé ká má ra aṣọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí a ó jọ wọ aṣọ náà ló ṣáájú aṣọ. Bí ọ̀kan bá kù nínú ìlà nígbà tí a bá ń wọ́ lọ síwájú Kábíyèsí, kò sí léèsì tó lè dí àyè náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó dáadáa kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ bá ìyàwó yín rò ó nílé. Ẹni tó bá ní àbá tó dára ju èyí lọ, kó gbé e wá, ẹgbẹ́ yóò gbọ́ ọ.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ya àwòrán ní òru àti àwọn tó ń kà á. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa tó fún wa láyè láti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ ara wa lọ́gbọ́n. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi owó wá ìlera tì. Orí wa kò ní fọ́, ọpọlọ wa kò ní dàrú, ẹsẹ̀ wa kò ní yẹ̀. Ogún ọdún ẹgbẹ́ yìí, gbogbo wa pátá la ó jọ ṣe é, ẹnì kan kò ní dín.

Àṣẹ.